Ta Ni Ó Ni Orin Dáfídì 22?

Bí babaláwo bá ń kì Ifá, tí oníbéèrè sì ní ẹsẹ yìí ló bá ọ̀rọ̀ òun mu, inú gbogbo wa á dùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa torí ìyẹn sọ pé oníbéèrè òní ni ẹni tí a dífá náà fún láéláé. Ojú yìí la fẹ́ fi wo Orin Dáfídì 22.

Igbe ẹni tí ìyà ń jẹ ni orin náà, ẹni tí Ọlọ́run rẹ̀ jìnnà sí, tí ọ̀tá yí ká bí ẹranko. Kó tó parí ó ti di ìyìn. Àwọn Júù ti ń kọ ọ́ tipẹ́ kí a tó bí Jésù. Àwọn olùkọ́ wọn kan so ó mọ́ ayaba Ẹ́sítérì. Rashi, ní ọ̀rúndún kọkànlá, kà á sí ẹkún Ísírẹ́lì ní ìgbèkùn.

Pé àwọn Kristẹni fi í wo Jésù, a ò bá wọn jà. Júù ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, inú orin ilé baba wọn ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Jòhánù tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti pín aṣọ. Àmọ́ ẹsẹ 16, tí àwọn oníwàásù fẹ́ràn jù nítorí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀, kò sí ibì kan nínú Májẹ̀mú Tuntun tí wọ́n ti tọ́ka sí i.

Ibẹ̀ gan-an nìjà wà. Nínú ìwé Hébérù tí àwọn Júù ń kà, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni "bíi kìnnìún". Ìtumọ̀ Gíríìkì, tí àwọn Júù fúnra wọn ṣe ṣáájú Jésù, ní "wọ́n gbẹ́". Lẹ́tà kan tó gùn tàbí tó kúrú díẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àfọwọ́kọ àtijọ́ tí a rí ní Nahal Hever, ní aginjù Jùdíà, gbè sẹ́yìn Gíríìkì. Nítorí náà kí ẹnì kan má pe èkejì lópùrọ́. Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884 mú ọ̀nà ti lílu.

Ẹni tí a ò lè gbà fún ni Justin, ní ọ̀rúndún kejì. Nínú ìwé àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ̀lú Trypho, ó sọ fún Júù yìí pé ìwé wọn kì í ṣe tiwọn mọ́, torí wọ́n ń kà á, kò yé wọn. Háà! Àlejò jẹun tán, ó ní onílé ò mọ yàrá ara rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo Kristẹni ló rò bẹ́ẹ̀ o. Theodore ará Mopsuestia gbà pé orin mẹ́rin péré ló sọ nípa Mèsáyà: 2, 8, 45 àti 110. Ó ní Dáfídì tó ń sá fún Ábúsálómù ló ni 22. Ìgbìmọ̀ ìjọ dá a lẹ́bi ní 553, nígbà tó ti kú ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ó kàn wá. Láti ayé Àlùfáà Lijadu, tó tẹ ìwé lórí Ifá jáde ní 1898, ni àwọn onígbàgbọ́ kan ti ń rí Jésù nínú Ẹlà. Kí wọ́n fi wé e, kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún ní àwa tí à ń kì í ò mọ ẹni tí à ń kì. Ọwọ́ tiwa náà ò sì mọ́: a ti gbọ́ babaláwo tó ní ọkọ̀ òfuurufú ni odù kan ń sọ. Ẹni tó bá mú irú èyí wá síwájú ìgbìmọ̀ wa, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi í ni pé: ta la dífá náà fún, kí sì ni ẹni náà ń wá?