Ọ̀rẹ́ Èkúté: Àyẹ̀wò Eré Sinimá "Ben"

Ní ọdún 1972 ni Phil Karlson darí eré sinimá "Ben" ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Eré náà ni ó tẹ̀lé "Willard" tí ó jáde ní 1971, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti kọ́ ọ̀wọ́ èkúté láti máa bá a gbẹ̀san, tí Ben, olórí wọn, sì wá kẹ̀yìn sí i, tí wọ́n pa á. Nínú eré kejì yìí, ọmọdé kan tí àrùn ọkàn ń bá fínra ni Ben bá dọ́rẹ̀ẹ́. Danny ni orúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹgbẹ́. Ọmọlangidi olókùn ni ó ń bá ṣeré.

Bí ó bá jẹ́ ti ìdẹ́rùbani, eré yìí kò tó nǹkan. Èkúté tí ó ya bo ilé-ìtajà, tí àwọn ènìyàn ń sá kíjokíjo, a máa pani lẹ́rìn-ín ju kí ó dẹ́rù bani lọ, Karlson sì lo irú ìran bẹ́ẹ̀ ní àlòjù. Inú yàrá Danny ni ẹ̀rù tòótọ́ wà. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ń kọrin fún un, nígbà tí òǹwòran mọ̀ pé ẹran tí ó gbé lọ́wọ́ yìí ti pa ènìyàn. Àwọn ọlọ́pàá bi Danny léèrè, ó parọ́. Ó tún kìlọ̀ fún Ben pé wọ́n ń bọ̀.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Òkété àti Ọ̀rúnmìlà yóò máa retí pé ẹranko ni yóò dalẹ̀. Ben kò da Danny. Ìlú ni Danny dà, nítorí pé nínú gbogbo ìlú náà, èkúté nìkan ni ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Gilbert Ralston tí ó kọ eré náà dé ẹnu ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹra: ó fi àìsàn bo ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà, kí àánú má baà jẹ́ kí òǹwòran dá a lẹ́jọ́. Lee Harcourt Montgomery, ọmọdé tí ó ṣe Danny, kò tọrọ àánú kankan ní tirẹ̀. Ìyẹn ni ó gba eré náà là.

Ní ìparí, iná àwọn ọlọ́pàá jó ọ̀wọ́ èkúté nínú ihò ìdọ̀tí abẹ́ ìlú. Ben wọ́ ara rẹ̀ dé yàrá, Danny ń sunkún, ó ń tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ àwọn òkú. Orin Michael Jackson ni ó tẹ̀lé e, èyí tí Don Black kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí Walter Scharf sì ṣe ohùn rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, orin náà borí gbogbo orin mìíràn lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ tí ń kọ ọ́ títí di òní ni kò mọ̀ pé èkúté apànìyàn ni wọ́n ń kì.