Gẹ̀ẹ́sì Inú Ìpàdé àti Ẹni tí Yóò Dáhùn Tótó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Bí ẹ bá yà sí ilé ìtàwé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹ kò ní ṣàì rí àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ láti sọ ní ìpàdé iṣẹ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni gbogbo wọn ń tà. Wọ́n ní kí ènìyàn má ṣe wí pé “I want”, kí ó wí pé “I would like”. Wọ́n ní kí a má ṣe fi “no” lé ẹnikẹ́ni lójú, “I am afraid” ni kí á kọ́kọ́ wí. Mo ti ka mélòó kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í sì í ṣe ìfiṣẹ̀sín ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wọn kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n kọ́ wa ní ohùn pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ẹni tí obì wà lápò rẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ní ọgbọ́n ìbọ̀wọ̀ tirẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ bẹ ènìyàn níṣẹ́, ó máa ń ti ẹ̀bẹ̀ náà jìnnà díẹ̀ sí ara rẹ̀. Ó fi “can” sílẹ̀, ó mú “could”, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ àná, bí ẹni pé ohun tí ó ń tọrọ ti kọjá, tí kò sì ní ni ẹnikẹ́ni lára mọ́. Ọ̀nà tiwa yàtọ̀. A kì í ti ẹ̀bẹ̀ jìnnà, ńṣe ni a ń fa ẹni tí à ń bẹ̀ mọ́ra. “Ẹ bá mi buwọ́ lu ìwé yìí,” ni a máa ń wí. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “bá”, sọ ọ́ di iṣẹ́ àjọṣe: èmi ni mo ni ẹrù, ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ bá mi gbé e. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí, tí ó kàn há ọ̀rọ̀ sórí, yóò sọ pé “I am afraid we cannot pay”, ẹni tí ń gbọ́ ọ yóò sì máa wò ó lójú, kí ó mọ ohun tí ń bà á lẹ́rù.

Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti “you”. A ti máa ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ọ̀wọ̀, pé “you” ni wọ́n ń pe ọba, òun náà ni wọ́n ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 yóò rántí “thou”. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi “ye” àti “you” pe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bó ti pẹ́ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi “you” bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń lo “ẹ”. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, “thou” ti ń kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ará ìlú ńlá, àwọn ìjọ Quaker tí wọ́n sì takú pé òun ni àwọn yóò máa pe onílé àti àlejò, ojú wọn rí màbo. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì kò sọ “ẹ” nù rárá. “O” ni ó sọ nù. Gbogbo ènìyàn pátá ni wọ́n ń pè ní “ẹ”, ṣùgbọ́n níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti di àgbà, àgbà kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwa tí à ń fi ẹnu Yorùbá sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ ihò tí èyí dá sílẹ̀. A fi “sà” dí i. Ẹ tẹ́tí sí ìpàdé iṣẹ́ èyíkéyìí ní ilẹ̀ wa, ẹ ó gbọ́ “sà” ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ń fi wá rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí à ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣojú mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jẹ́ akọ̀wé ìpàdé ní ilé iṣẹ́ kan tí ń ra kòkó. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù-sí, sítọ̀kípà ni gbogbo wa ń pè é. Kò tí ì pé ẹni ogójì ọdún, ìwé mẹ́fà ni ó sì kà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa kòkó. Yóò ki ọwọ́ bọ inú àpò, yóò fi àtàǹpàkò fọ́ hóró kan, yóò sì sọ fún yín bóyá ó gbẹ dénú. Ó mọ̀ pé kòkó tí omi inú rẹ̀ bá ti ju nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 lọ kò ní pẹ́ bà jẹ́. Nígbà tí òjò ń múra àtirọ̀, ó rí i pé òrùlé ilé ìkẹ́rù-sí ti lu. Gẹ̀ẹ́sì ni à ń sọ ní ìpàdé wa, alága wa sì jẹ́ bàbá Yorùbá kan tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Sítọ̀kípà ra ọ̀kan nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí mo ń wí yìí. Ó tilẹ̀ fi hàn mí. Nígbà tí ó kan án, ó dìde, ó ní: “With due respect, sir, you must repair the roof before Friday.”

Ìpàdé pa lọ́lọ́. Alága bi í léèrè ẹni tí ó ń sọ “must” fún. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó jókòó, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé olùtọ́jú ilé ìkẹ́rù-sí sọ ọ̀rọ̀ àfojúdi, ó sì tọrọ àforíjì. N kò kọ ohunkóhun nípa òrùlé. Òjò ńlá dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kòkó sì bà jẹ́. Wọ́n ní kí sítọ̀kípà máa lọ sílé nítorí pé kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kìlọ̀. Wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ ìpàdé wò, kò sí òrùlé níbẹ̀.

Àwọn oníwèé pẹlẹbẹ yóò wí pé “must” ni ó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, pé ì bá ti wí pé “Perhaps we might consider the roof”. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìpàdé yẹn. Bí ó bá sọ ọ́ báyẹn, wọn ì bá rò pé èrò lásán ni ó ń rò, wọn ì bá sì gbójú fò ó. Ẹ wá wo bí ì bá ti sọ ọ́ ní Yorùbá: “Alága wa, mo tọrọ gáfárà. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ gbọ́dọ̀ bá wa tún òrùlé yìí ṣe kí Jímọ̀ tó pé.” Ṣé ẹ rí i pé “gbọ́dọ̀” kò kúrò níbẹ̀? Ó le bí “must” ṣe le. Ṣùgbọ́n “ẹ” ṣáájú rẹ̀, “bá wa” tẹ̀lé e. Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé bí ó bá ti ṣe tótó tán, dandan ni kí àwọn àgbà dáhùn pé, “O ó rí òmíràn pa.” Bí wọ́n bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fún un láyè nìyẹn. Ó ṣòro kí ẹni tí ó ti yọ̀ǹda òwe fún ọmọdé tún wá bínú sí ìtumọ̀ òwe náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ènìyàn méjì ni ó ni ọ̀wọ̀ inú ìpàdé: ẹni tí ń tọrọ àyè àti ẹni tí ń fún un. “With due respect” kò ní elégbè lẹ́nu wa. Ẹnikẹ́ni kì í dá a lóhùn, ìdí sì nìyẹn tí ó fi di ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ kí á tó bú ènìyàn.

Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ èyí. Ológun Amẹ́ríkà kan, Henry Martyn Robert, tẹ ìwé ìlànà ìpàdé jáde ní 1876, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Nínú ìlànà náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ ké sí alága, alága ni yóò sì fún un láyè. Ó lè tako àbá bí ó bá ti wù ú tó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tako ìwà ẹni tó mú un wá. Kí ni èyí bí kò ṣe tótó àti ìdáhùn rẹ̀? Àwọn ìwé pẹlẹbẹ kó ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, wọ́n fi àyè sílẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé àwọn àgbà Yorùbá náà máa ń fi ọ̀wọ̀ pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí èdè wa bá fẹ́ kí ọmọdé dákẹ́ ni, kí ni ì bá tún fi tótó ṣe? Ẹni tí kò ní sọ̀rọ̀ kò nílò gáfárà.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 97, gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá fẹnu kò sí i. Bí òfin bá gba aṣòfin láyè, kí ni ó ń dí ilé iṣẹ́ lọ́wọ́? N kò ní kí á lé Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ohun tí mo ń wí ni pé kí alága tí ó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá wà lẹ́nu ẹnì kan sọ fún un pé, “Sọ ọ́ bí ó bá ṣe rọrùn fún ọ.” Kí akọ̀wé sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ó tó kọ àfojúdi. Mo ti mọ̀ pé ẹni méjì ni ó ni ọ̀wọ̀. Mo wá mọ̀ pé ẹni kẹta wà níbẹ̀, òun ni ẹni tí kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, èmi ni.