Àkọlé Ọlọ́rọ̀ Méje
Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré Inverness Caledonian Thistle fi àmì ayò 3 sí 1 na ẹgbẹ́ ńlá Celtic. Àkọlé ìwé ìròyìn The Sun ni “Super Caley Go Ballistic, Celtic Are Atrocious”. Ọ̀rọ̀ méje péré! Ó sọ ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi, ó sì ń dún bí orin inú fíìmù Mary Poppins ti ọdún 1964. Ìdíje náà ti parí, àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe inú àkọlé náà ń sọ ọ́ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tí kò mọ orin náà kò ní gbádùn àkọlé yìí. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìròyìn kò pamọ́ fún un. Ẹ̀rín nìkan ló pàdánù. (Àwọn olólùfẹ́ Celtic náà kò ní rẹ́rìn-ín.)