Ẹ Wo Ọwọ́ Wọn

Orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo ti kọ́kọ́ mọ King Sunny Adé. Bàbá mi ní gírámafóònù kan tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń fi aṣọ rírọ̀ nu ojú àwo, tí wọ́n á sì rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e. Láyé ìgbà náà, ojú kan àwo jùjú lè lọ tó ìṣẹ́jú 18 láìdúró, tí orin á máa wọnú orin. Mo mọ ibi tí ìlù ti ń já, mo mọ ibi tí elégbè ti ń gbè. Mo rò pé mo ti gbọ́ Sunny tán.

Irọ́ ni. Ọjọ́ tí mo dúró níwájú òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́, níbi ìsìnkú àgbàlagbà kan n'Íjẹ̀bú-Òde, ni mo tó mọ̀ pé etí nìkan ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí kì í ṣe Sunny. Ọkùnrin kan ni, ó di gìtá tẹ́nọ̀ mú lápá òsì, ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Ó bẹ̀rẹ̀ orin kékeré kan, kò ju ohùn mẹ́fà lọ, ó ń ta á, ó ń tún un ta. Onígìtá kejì wọlé. Kò ta ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ń ta. Àlàfo tó fi sílẹ̀ ló ń dí. Ẹni kẹta dé, òun náà wá ààyè tirẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí ẹni kẹrin fi máa wọlé, etí ò lè yà wọ́n mọ́. Ojú nìkan ló lè yà wọ́n, torí ìka kálukú ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan, Sunny ti jáde, ó ti kọrin, ó ti jó, àwọn èèyàn ti náwó, onítẹ́nọ̀ yìí ò kúrò lórí ohùn mẹ́fà rẹ̀. Kò sáré, kò falẹ̀. Ẹ fi ìka yín gbá tábìlì lọ́nà kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ wò ó, ẹ ó rí i bí ọwọ́ ṣe máa ń bẹ èèyàn pé kóun ṣe nǹkan mìíràn. Bí ọkùnrin yẹn bá ṣìṣe, gbogbo ilé tí wọ́n kọ́ lé e lórí ló máa mì. Ọ̀gá gidi ni.

Ní ti Sunny fúnra rẹ̀, ọmọ Oǹdó tí wọ́n bí s'Óṣogbo lọ́dún 1946 ni. Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá ló ti ṣe iṣẹ́ orin, kí àwàdà tó sọ ìyẹn di Bàbá Sàlá, kí Sunny náà tó dá ẹgbẹ́ Green Spots sílẹ̀ lọ́dún 1967. Ohun tí mo fi ń yìn ín jù ni pé ó mọ ohùn tó yẹ jùjú, ibi yòówù kó ti wá. Ẹ gbọ́ gìtá Hawaii tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú àwo Juju Music ti 1982. Ṣe ni wọ́n ń tẹ́ gìtá náà sílẹ̀ gbalaja, tí wọ́n á máa fa irin lórí okùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í fò, gígùn ló ń gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa ṣe ń ṣe bí a bá pe “yìí”. Òkèèrè ni irinṣẹ́ náà ti wá, àmọ́ èdè wa ló ń sọ.

Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ lórin. Mo fẹ́ràn Haruna Ìṣọ̀lá, tó máa ń jókòó kọ àpàlà tirẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, tí àwọn onílù á yí i ká. Mo fẹ́ràn Ebenezer Obey, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú lẹ́nu rẹ̀, tí ijó á tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n onígángan Sunny ló mú mi dúró dójúmọ́ lọ́jọ́ náà. Ó há ìlù sábẹ́ apá òsì, kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá fún osán, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ìyẹn ò ṣòro rí. Èyí tó ṣòro ni pé ohùn nìkan ni ìlù ní, kò ní ẹnu. Bó bá lu Àjàní, ó ti lu Àkànní àti Àlàó náà, torí dò, dò, mí ni gbogbo wọn. Nígbà tí àkọ́bí olókùú bọ́ sójú agbo, mo rí onígángan tó tẹ́tí sí ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí, ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó padà, ó lu orúkọ náà, ó sì so oríkì orílẹ̀ wọn mọ́ ọn kíá, tó fi jẹ́ pé kò sí Àjàní ilé mìíràn tó lè jẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà. Àgbà ni, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe falẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlù náà fa ọ̀rọ̀ gùn, ó jẹ́ kó mí, kó tó tún gbé e dìde. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó rẹ baba náà. Sunny sún kúrò nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pa ẹnu mọ́, ó ń wò wọ́n.

Bí ẹ bá tún débi tí wọ́n ti ń ta jùjú, ẹ fi àga yín sílẹ̀, kí ẹ lọ dúró nítòsí onítẹ́nọ̀ àti onígángan. Bí ẹ bá lówó tí ẹ fẹ́ ná, ẹ fún àwọn náà níbẹ̀. Ẹ fi sí wọn lápò, torí ọwọ́ wọn ò ní ṣófo.