‘Haafu Kọ́rẹ́ǹtì’: Àgbéyẹ̀wò Èdè Tí A Fi Ń Ṣe Ìṣirò Iná Mànàmáná

Bí gílóòbù bá ń ṣe bàìbàì lálẹ́, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé ni pé haafu kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá. Bí fíríìsà bá ń kùn tí kò sì dì, wọn a ní iná náà kò gbé e. Gbólóhùn kejì kò lẹ́bi. Èkíní ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè yẹ̀ wò, nítorí pé fóltéèjì ni ó dín kù, kì í ṣe kọ́rẹ́ǹtì. Nínú fíríìsà, kọ́rẹ́ǹtì tilẹ̀ lè pọ̀ sí i: iṣẹ́ tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń ṣe kò dín kù, nítorí náà yóò fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ sí i láti fi dí àlàfo fóltéèjì, wáyà rẹ̀ yóò gbóná, ó sì lè jó. Ẹni tí orúkọ ti sọ fún pé kọ́rẹ́ǹtì ti dín kù kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó yọ fíríìsà náà kúrò lára iná.

Àwọn olùkọ́ tí ń fi Yorùbá ṣàlàyé kò ràn wá lọ́wọ́ tó. ‘Agbára’ ni wọ́n ń pe fóltéèjì, ‘agbára’ ni wátì, ‘agbára’ náà sì ni ohun tí mítà ń kà. Ìṣirò tí ó yẹ kí ó sọ pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sọ di púpọ̀ láti rí ẹ̀kẹta wá di pé agbára lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ agbára. Ọmọ tí ó bá há irú èyí sórí kò mọ nǹkan kan.

Georg Simon Ohm, ará Jámánì tí a bí sí Erlangen ní 1789, kò ní irú ìṣòro yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Berlin ní 1827. Àlàyé Fourier lórí bí ooru ṣe ń la irin kọjá ni ó fi ṣe àwòṣe. Lónìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì ń lò fún fóltéèjì jẹ mọ́ okùn tí a fà le. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Faransé. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kàn fi orúkọ Volta, ará Ítálì, bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ìdí tí olùtumọ̀ Yorùbá fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì kọjá. ‘Ìtaari’ ṣe é lò fún fóltéèjì, ‘ìṣàn’ fún kọ́rẹ́ǹtì. Àwọn kan fẹ́ràn ‘ìfúnpá’, ṣùgbọ́n oògùn tí a so mọ́ apá ni ọ̀pọ̀ àgbà yóò kọ́kọ́ rò.

Ẹ jẹ́ kí a fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ dán an wò. Ìtaari rẹ̀ jẹ́ fóltì 230, ìṣàn rẹ̀ jẹ́ áńpù 5. Bí a bá fi 5 pín 230, ohun tí ń fa ìṣàn sẹ́yìn jẹ́ óòmù 46. Bí a bá sọ 230 di ìlọ́po 5, agbára rẹ̀ jẹ́ wátì 1150. Kí fóltéèjì wá já sí 115: bí óòmù kò bá yí padà, ìṣàn di 2.5, agbára di wátì 287.5. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni èyí, kì í ṣe ìdajì. (Kí a má parọ́ mọ́ ará àdúgbò: nínú áyọ́ọ̀nù, haafu kọ́rẹ́ǹtì náà ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ibẹ̀ mu láìmọ̀.)

Kí ni a ó pe óòmù 46 yẹn? ‘Ìdènà’ ni ó gbajúmọ̀, kò sì dára. Ẹni tí ó dènà de ènìyàn kò fẹ́ kí ó kọjá rárá. Ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ iná, ọmọṣẹ́ a fi mítà kan wáyà, a ní ó dún tàbí kò dún. Ó sọ ohun èlò tí ń ka iye di agogo. ‘Ìdíwọ́’ sàn jù, nítorí pé ẹni tí a dí lọ́wọ́ ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdíwọ́ sì lè pọ̀ tàbí kí ó kéré. Gílóòbù onírin tín-ín-rín tí ó jẹ́ wátì 60 lórí fóltì 240 ní óòmù 960 nígbà tí ó bá ń tàn. Bí ó bá tutù, iye náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí.

Ní ti mítà, èdè ti ní ọ̀rọ̀ kí físíìsì tó dé. ‘Okun àti agbára’ ni Yorùbá máa ń so pọ̀, àwọn olùkọ́ ètò ìlera sì ti ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ afúnnilókun. Kí agbára jẹ́ ti wátì nìkan, kí okun jẹ́ ohun tí à ń sanwó fún: áyọ́ọ̀nù wa, bí ó bá ń fa iná fún wákàtí méjì gbáko, yóò jẹ okun yúníìtì 2.3.

Ètò Ifẹ̀ tí Fáfúnwá darí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó mọ. Òfin Ohm ń dúró de ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ sì kù nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá wọ̀nyí pàápàá. Iná ilé ní Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Odò kì í ṣàn padà, ẹni tí ń taari ọkọ̀ kì í sì í fà á. Olùkọ́ tí ó bá lo ‘ìtaari’ àti ‘ìṣàn’ yóò ní láti ṣàlàyé èyí kí ó tó kúrò níwájú pátákó.