Ẹni Tí Ó Ni Ohun Tí A Gé

Nínú iṣẹ́ àbẹ̀wò mi, ohun tí mo sábà máa ń rí lára ògiri kíláàsì ni bébà fífẹ̀ tí àwọn ọmọ lẹ àwòrán mọ́. Wọn a gé ìbòjú kan nínú kàlẹ́ńdà, wọn a gé ọba kan nínú ìwé ìròyìn, wọn a lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọn a sì kọ “Àṣà Wa” sí òkè. Bí mo bá béèrè pé ìlú wo ni ó ni ìbòjú náà, kò sí ẹni tí í dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni àlẹ̀pọ̀ àwòrán jẹ́ ọ̀nà pàtàkì nínú iṣẹ́ ọnà. Lójú tèmi, ìbéèrè tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni pé: ǹjẹ́ ẹni tí ó gé nǹkan mọ ẹni tí ó ni ín?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo obìnrin ará Jámánì kan, Hannah Höch. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ó gé fọ́tò ère ilẹ̀ Áfíríkà nínú ìwé ìròyìn, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ fọ́tò ara àwọn obìnrin òyìnbó. Ó fẹ́ fi bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti ń wo obìnrin ṣẹ̀fẹ̀, iṣẹ́ náà sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n ère nìkan ni ó mú. Àwọn tí ó gbẹ́ ère náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá.

Ní Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, Hervé Youmbi gba ọ̀nà mìíràn. Bangui ni a ti bí i ní ọdún 1973. Ní ọdún 1998, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Cercle Kapsiki sílẹ̀ ní Douala. Nínú ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ó pè ní Visages de masques, èyíinì ni “ojú àwọn ìbòjú,” ó pa ìrísí ìbòjú àwọn Dogon ti ilẹ̀ Málì pọ̀ mọ́ ti àwọn Bamileke. Ó tilẹ̀ fi ìbòjú apànìyàn inú fíìmù Amẹ́ríkà kan, Scream, tí ó jáde ní ọdún 1996, kún un. Dípò àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù, ó gbé iṣẹ́ fún àwọn agbẹ́gilére àti àwọn tí ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ awo Ku'ngang a gbé ìbòjú náà jó, kámẹ́rà a sì ká ijó wọn sílẹ̀. Ìbòjú àti àwòrán ijó náà ni àwọn tí ó wá sí mùsíọ̀mù ń rí pọ̀.

Níhìn-ín ni mo ti gbóríyìn fún un. Kámẹ́rà di ẹlẹ́rìí pé ìbòjú yìí ti jó lójú àwọn tí ó ni ín kí ó tó dé inú gíláàsì. Àléébù kan wà síbẹ̀: ẹlẹ́rìí náà a máa fi ẹsẹ̀ ijó hàn, kò lè fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó dúró ní mùsíọ̀mù lè máa rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí tí awo pamọ́ ṣì wà nílé.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣàkíyèsí ohun kan tí ó kọ sílẹ̀ ní ọdún 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ó wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, a ó sì tún wọ ti obìnrin fún un. Àlẹ̀pọ̀ nìyẹn, àwọn tí ó ni ọmọ ni wọ́n sì ni àwòrán.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ọwọ́ ni ó ní ẹni tí ó ni ín. Bí àwọn ọmọ bá tún lẹ àwòrán pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìlú tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá mọ̀, kí wọ́n lọ béèrè kí wọ́n tó gé e.