Afọ́jú inú sinimá Xala

Ní ọdún 1975, Ousmane Sembène ará Sẹ̀nẹ̀gàlì gbé sinimá Xala jáde. El Hadji, oníṣòwò olówó kan ní Dakar, fẹ́ ìyàwó kẹta, ó sì di akúra ní òru ìgbéyàwó. Afọ́jú kan ń ṣagbe nítòsí ilé ìtajà rẹ̀. Orin rẹ̀ ń bí olówó yìí nínú, ó ní kí ọlọ́pàá kó àwọn alágbe kúrò nígboro. Wọ́n kó wọn dà sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn padà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ó wù mí jù. Afọ́jú yìí ní ìdílé, ó ní ilẹ̀. El Hadji ni ó fi èrú gba ilẹ̀ náà. Ojoojúmọ́ ni olówó ń rí i, kò dá a mọ̀.

Àwa náà ńkọ́? Ní Ìdáàṣà níbí, bí èrò bá ń lọ sí ihò Arigbo ní oṣù kẹjọ, à ń sọ owó wẹ́wẹ́ sí afọ́jú lọ́wọ́. Ta ní ń béèrè orúkọ rẹ̀, tàbí oko bàbá rẹ̀? “Afọ́jú” ti tó orúkọ lẹ́nu wa.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan bá Sembène rò. Ó ní afọ́jú náà ni ó fi àrùn yìí ṣe El Hadji. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ nìyẹn: à ń fún afọ́jú lówó kí ó má baà gégùn-ún fún wa. Ẹni tí ó bá wo sinimá náà lè padà sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù afọ́jú, kí ó má rántí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.